Sólà, Bóǹdì àti Owó Epo: Àwọn Ìbéèrè tí a Máa ń Béèrè Lórí Iná Inú Ilé àti Ìdókòwò

Láti ìgbà tí mo ti gbé páńẹ́lì sórí òrùlé ilé mi ní Ìbàdàn ni àwọn ará àdúgbò, àwọn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun ti ń bi mí ní àwọn ìbéèrè kan náà. Èrò ara mi ni àwọn ìdáhùn wọ̀nyí. N kì í ta sólà, n kì í sì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ sólà fi gba ẹnu gbogbo ènìyàn láàárín ọdún díẹ̀ yìí?

Ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lítà bẹntiróòlù, tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190, fi kọjá ₦480. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 yẹn náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, dọ́là tí iye rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kò tó ₦500 sì wà ní àyíká ₦1,500 ní ìparí ọdún 2024. Lẹ́yìn náà ni NERC, àjọ tó ń mójútó iná mànàmáná, fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún) ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024: yúnìtì kan kúrò ní nǹkan bí ₦68, ó di ₦225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá.

Nítorí náà, kì í ṣe pé sólà di ohun ọ̀fẹ́. Iye páńẹ́lì ti já wálẹ̀ gan-an ní orílẹ̀-èdè China níbi tí wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n náírà tó wálẹ̀ ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀dínwó yẹn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Epo àti iná NEPA ló gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí sólà fi wá di ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù lè jókòó ṣírò.

Kí ni iṣẹ́ páńẹ́lì, kí ni ti bátìrì, kí sì ni ti ínfátà?

Ẹ fi ojú ilé tó ń pọnmi wò ó. Páńẹ́lì ni ọmọ tó ń lọ sódò, bátìrì ni àmù tí ó ń da omi sí, ínfátà sì ni igbá tí a fi ń bu omi náà lò. Bí igbá bá tóbi tí àmù kéré, omi yóò tán kí ilẹ̀ tó mọ́; bí àmù bá tóbi tí ọmọ tó ń pọnmi kò sì lágbára, àmù kò ní kún láé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti ra "5 kVA", ọ̀rọ̀ àmù ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè. Nọ́ńbà 5 kVA yẹn ń sọ iye ẹrù tí ínfátà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ iye wákàtí tí yóò fi gbé e. Ọwọ́ bátìrì ni iye wákàtí wà, yúnìtì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n, yúnìtì kan náà tí a ń rà sórí mítà. Ẹ̀rọ tó ń fa 1,000 wáàtì, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ti jẹ yúnìtì kan. Bátìrì lithium tí wọ́n kọ 51.2 V àti 100 Ah sí lára gba yúnìtì 5 àti díẹ̀, bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni wọ́n kọ sí i lára.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n tí ilé mi nílò?

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ rìn yíká ilé kí ẹ tó rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ iná, iye wáàtì tó wà lára rẹ̀ àti iye wákàtí tí ẹ fi ń lò ó lóòjọ́, kí ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀. Èyí ni ti ilé mi ní ọjọ́ tí mo kọ ọ́: gílóòbù LED 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa wáàtì 9 fún wákàtí 5, ó jẹ́ 360, fáànù 3 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa 70 fún wákàtí 10, ó jẹ́ 2,100, tẹlifíṣọ̀n wáàtì 80 fún wákàtí 5, ó jẹ́ 400, fíríìjì, nǹkan bí 1,200 láàárọ̀ ṣúlẹ̀, fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,360, ìyẹn yúnìtì 4 àti díẹ̀ lóòjọ́.

Ó ya èmi àti ìyàwó mi lẹ́nu pé fáànù ló ń jẹ iná ilé wa jù, nítorí gílóòbù tí àwọn ọmọ kì í pa ni a ti ń tìtorí rẹ̀ bá wọn wí láti ọjọ́ yìí. A fi fáànù oní-DC tó ń fa wáàtì 30 pààrọ̀ àwọn mẹ́ta náà, ẹyọ yúnìtì kan lé díẹ̀ sì dín kù lójúmọ́. Owó tí a fi ra fáànù kéré púpọ̀ sí owó àfikún bátìrì tí a ò bá rà. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni gbogbo nìyí: ẹ kọ́kọ́ dín ohun tí ilé ń jẹ kù, lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ ra ohun tí yóò bọ́ ọ.

Ẹ ya áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná àti pọ́ǹpù kànga sọ́tọ̀. Áyọ́ọ̀nù kan lè fa wáàtì 1,000 sí 2,000. Pọ́ǹpù àti fíríìjì máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbéra, èyí ló sì ń mú kí ínfátà kékeré ké gbàjarè. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú, ni kí ẹ máa lọṣọ, kí ẹ sì máa fa omi.

Bátìrì wo ni kí n rà, olómi tàbí lithium?

Lithium, bí owó bá wà. Èyí tí mo ń sọ ni irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4. Bátìrì olómi, tí àwọn onísólà ń pè ní tubular, kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà kúrú, nítorí náà ẹni tó ra yúnìtì 5 rí nǹkan bí 2 àti ààbọ̀ lò. A lè lo mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lára lithium, ó sì lè kún kí ó tán, kún kí ó tán, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bátìrì olómi tún ń béèrè omi tí a sẹ́, ó sì máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde nígbà tí ó bá ń kún. Kò yẹ kí ó wà ní yàrá tí ènìyàn ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n inú lithium náà ni èrú pọ̀ sí jù. Àwọn kan ń kó sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti lò gbó sínú páálí onírin tuntun, wọ́n á sì lẹ nọ́ńbà tó wù wọ́n mọ́ ọn. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí ó kún pátápátá, kí ẹ yọ páńẹ́lì àti NEPA kúrò, kí ẹ wá gbé ẹrù wáàtì 500 kà á lórí, kí ẹ sì tẹ aago. Bátìrì 5 yúnìtì tó pé gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí wákàtí 9 kí ó tó kú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé lẹ́yìn ìdánwò yìí ni ẹ máa san owó tó kù. Onísólà tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ní ti tòkunbọ̀: mo lè ra páńẹ́lì tòkunbọ̀ bí wọ́n bá fi mítà wọ̀n ọ́n lójú mi, nítorí páńẹ́lì tó dára kì í pàdánù ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ lọ́dún. N kò ní ra bátìrì tòkunbọ̀.

Ṣé sólà ń ṣiṣẹ́ nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, bí a bá pín oòrùn ọdún dọ́gba, a máa ń rí nǹkan bí wákàtí 4 sí 5 oòrùn tó mú dáadáa lóòjọ́. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ó lè wálẹ̀ sí 3. Oṣù keje ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi oṣù kejì ṣe é. Páńẹ́lì 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 450 fún mi ní nǹkan bí yúnìtì 5 àti díẹ̀ ní ọjọ́ tí oòrùn kò ju wákàtí 3 lọ, tí a bá sì yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó ku èyí tó tó ilé mi jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́.

Ọ̀tá páńẹ́lì nígbà ọyẹ́ ni eruku. Ẹ fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀ kùtù kí ó tó gbóná. Gúúsù ni kí ojú rẹ̀ kọ sí, nítorí pé òkè ìlà agbedeméjì ayé ni a wà, kí ó sì dagun tó ìwọ̀n dígíríì 10 kí òjò lè máa fọ̀ ọ́.

Ṣé ìdókòwò ni sólà, àbí ìnáwó lásán?

Owó tí ẹ kò ná mọ́ ni èrè rẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ ń ná tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dáhùn rẹ̀ fún yín láìmọ iye epo tí ẹ ń rà.

Mo ṣe ìdánwò kan ní ọdún 2024 kí n tó ra ohunkóhun. Mo fa epo inú jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA mi gbẹ, mo wọn lítà kan péré sínú rẹ̀ pẹ̀lú ike omi, mo tan fíríìjì, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù díẹ̀, tí gbogbo wọn jọ ń fa nǹkan bí wáàtì 400, mo sì gbé àga jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú aago. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Iná tí mo rí nínú lítà yẹn kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta yúnìtì kan lọ. Ní ₦1,000 fún lítà kan, ₦1,500 ni mo ń ra yúnìtì kan, láìka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Ìgbà tí mo parí ìṣirò yẹn ni mo mọ̀ pé iná Band A tí a ń pariwo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí èmi fúnra mi ń san lọ́wọ́ láìfura.

Ilé tó ń jó lítà 3 lóòjọ́ ní ₦1,000 ń jó ₦1,095,000 lọ́dún. Bí sólà ₦2,500,000 bá gba iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ náà ṣe, owó náà ti padà sílé kí ọdún méjì àtààbọ̀ tó pé. N kò mọ okòwò mìíràn tó bófin mu, tí ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò lè ṣe, tí ó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá. Mo tún fẹ́ kí a rántí èéfín. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti sùn tí wọn kò jí nítorí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sì sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú ìṣirò mi.

Bí mo bá ní ₦2,500,000, ṣé kí n rà á, àbí kí n fi owó náà ra bóǹdì ìjọba?

Ìbéèrè tó dára jù lọ nìyí, òun sì ni àwọn tó ń ta sólà kì í fẹ́ kí a béèrè. Bóǹdì ni owó tí a yá ìjọba, tí ìjọba ń san èlé lórí rẹ̀ títí ọjọ́ ìdápadà yóò fi pé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Savings Bond ti ìjọba àpapọ̀, tí DMO, àjọ tó ń mójútó gbèsè ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2017, ẹni tó ní ₦5,000 lè rà á. Ó jẹ́ ọlọ́dún méjì tàbí ọlọ́dún mẹ́ta, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi èlé 15% lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ. ₦2,500,000 yóò mú ₦375,000 wọlé lọ́dún, láìṣe wàhálà kankan.

Ẹni tó fi owó náà ra sólà ti pàdánù ₦375,000 yẹn. Bí a bá gbà pé sólà náà yóò lo ọdún 10, ₦250,000 ló ń gbó lára rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Àpapọ̀ jẹ́ ₦625,000. Bí ilé bá ń lo yúnìtì 5 lóòjọ́, ìyẹn 1,825 lọ́dún, yúnìtì kọ̀ọ̀kan ti di nǹkan bí ₦342. Ìṣirò yìí le díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí owó tí ẹ ń rí fi pamọ́ náà lè máa lọ sínú bóǹdì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ojú ọ̀nà hàn.

Ẹ wá fi wé ohun tí ẹ ń lò. Bí jẹnẹrétọ̀ ₦1,500 ni, sólà borí, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ ń rí iná Band A fún wákàtí 20 lóòjọ́ ní nǹkan bí ₦210, tí ẹ kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀, bóǹdì ni kí ẹ rà, kí ẹ fi ínfátà kékeré àti bátìrì kan di àlàfo wákàtí mẹ́rin tó kù. Mo ti sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní àdúgbò tí iná kì í lọ. Inú rẹ̀ kò dùn, nítorí gbogbo ojúlé tó yí i ká ló ti gbé páńẹ́lì sórí, ṣùgbọ́n bóǹdì rẹ̀ ń san èlé.

Àwọn tó wà láàárín, tí iná wọn ń wá fún wákàtí 8 tàbí 10, tí wọ́n sì ń fi epo dí ìyókù, ni wọ́n pọ̀ jù. Iye lítà epo yín lóṣù ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Owó wo ni kò yẹ kí n fọwọ́ kàn rárá?

Owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta, owó ilé ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, àti owó àìsàn. Ẹ fi wọ́n sí ibi tí ẹ ti lè tètè mú un: báńkì, tàbí tírẹ́ṣọ̀ bíìlì ọlọ́jọ́ 91 (owó tí a yá ìjọba fún ọjọ́ 91 péré). Láti ọdún 2024 ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdójútòfò owó inú báńkì, ti ń dáàbò bo owó oníbàárà títí dé ₦5,000,000 bí báńkì ìṣòwò bá wó lulẹ̀; ₦500,000 ni tẹ́lẹ̀. A kì í já páńẹ́lì lórí òrùlé lọ san owó ilé ìwòsàn ní òru.

Ṣé ó tọ́ kí n yá owó ra sólà?

Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, èyí tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn lásán sì ga jù ú lọ. Bí ẹ bá yá ₦2,500,000 ní 30%, èlé ọdún kìíní nìkan jẹ́ ₦750,000. Ilé tó ń fi ₦1,095,000 ra epo yóò rí èyí san, ìyókù ₦345,000 yóò sì máa já orí owó náà díẹ̀díẹ̀. Ilé tó ń fi ₦500,000 ra epo lọ́dún yóò rì sínú gbèsè.

Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni èmi yá fún apá kan nínú tèmi, nítorí 10% ni wọ́n ń gbà níbi iṣẹ́ wa, ara owó oṣù ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Àjọ dídá (èsúsú) náà dára: ẹni mẹ́wàá lè máa dá a, kí ẹnì kan máa gbé bátìrì lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn tó ń gbé sólà fúnni san díẹ̀díẹ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bóyá tiyín ni ẹrù náà yóò jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá san tán, àti bóyá wọ́n lè ti ilé iṣẹ́ wọn pa á bí ẹ bá pẹ́ san.

Ayálégbé ni mí. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gun òrùlé rẹ̀, kí ó hàn nínú rẹ̀ pé ẹ máa tú ẹrù yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde àti pé ẹ máa dí ihò tí ẹ bá lu. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Mo mọ ẹni tí onílé sọ fún pé ohun tó bá ti wọ ara ilé ti di ti ilé. Bí ilé oníyàrá kọjúsími-n-kọjúsíọ ni, tí kò sí òrùlé tí ẹ lè dá lò, ẹ ra bátìrì àgbélọ tó ní ínfátà nínú, kí ẹ máa fi iná NEPA kún un nígbà tó bá dé. Fáànù kan àti gílóòbù mẹ́ta títí ilẹ̀ fi mọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń sùn nínú ooru.

Wọ́n ní kí n fi owó sínú "oko sólà" tó ń san èrè lóṣooṣù. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí oko náà wà, ẹni tó ń ra iná rẹ̀, àti iye tó ń rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ wọn lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń mójútó ọjà ìdókòwò. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2025 ti sọ irú gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ẹnìkan kì í dá owó ẹlòmíràn padà.

A ti rí èyí rí. MMM, ètò gbájúẹ̀ kan, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọdún Kérésì kù dẹ̀dẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX, tó ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, dákẹ́ lójijì, àwọn tó fowó sí i sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè Àdó níbí, wọ́n ń gbé àga. Ẹ ṣírò ìlérí yẹn: ₦100,000 tó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù yóò di ₦409,600,000 lẹ́yìn oṣù 12. Ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ₦100,000 yín. Ó dùn mí jọjọ pé àwọn tó mú owó ìfẹ̀yìntì wá wà lára wọn, nítorí iye kan náà ìbá ti ra bóǹdì tó ń san èlé fún wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Mo gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fòfin de kíkó páńẹ́lì wọlé. Ṣé kí n yára rà kí ó tó di ọ̀wọ́n?

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, mínísítà tó ń bójú tó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ pé ìjọba ń gbèrò rẹ̀ kí àwọn ilé iṣẹ́ inú ilé lè dìde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ta kò ó. Èmi náà ta kò ó. Mo fẹ́ kí a máa ṣe páńẹ́lì nílé. Ilé iṣẹ́ páńẹ́lì ti NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà ní Karshi lẹ́bàá Abuja, inú mi yóò sì dùn bí irú rẹ̀ bá pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ pọ̀ tó, kí ọjà wọn sì dára tó, kí a tó ti ilẹ̀kùn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn ṣáájú, ọwọ́ fàyàwọ́ ni ọjà náà yóò bọ́ sí.

Ẹ má fi ìbẹ̀rù rajà. Ẹni tó sáré rà ní ọdún 2024 nígbà tí dọ́là ń fò kò ráyè dán bátìrì wò, mo sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn irú ìsáré bẹ́ẹ̀.

Ìlú Ọba ni mo wà, mo fẹ́ fi sólà sí ilé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni ti ínfátà. Ti ènìyàn ni. Ta ni yóò dé ọ̀dọ̀ màmá láàárín ọjọ́ kan bí iná bá kú? Bí kò bá sí onísólà tó ń gbé ní ìlú náà tàbí ìlú tó múlé gbè é, ẹ wá a kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí kan ṣoṣo láìsí ìwé ẹ̀rí, bó ti wù kí ìfẹ́ wà láàárín yín tó. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ san apá ìkẹyìn lẹ́yìn ìdánwò bátìrì tí ẹ fi fídíò wò.

Ọ̀pọ̀ ínfátà òde òní lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi iye iná tó kù hàn yín lórí fóònù ní London. Ó wúlò gan-an. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà, bákan náà ni ti kámẹ́rà tí ẹ bá fi sí ẹnu ọ̀nà. Ní ti kámẹ́rà inú ilé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá fúnra wọn. Ilé wọn ni.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí wọ́n máa tẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì kan péré, kí ẹ lẹ bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú èdè Yorùbá tí wọ́n lè kà: "Bí ó bá ń pariwo, ẹ pa áyọ́ọ̀nù."

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá tún iná ṣe lọ́la, ṣé owó mi kò ti ṣòfò?

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ lágbára láti pèsè iná, láti pín in àti láti mójútó o láàárín ilẹ̀ rẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba agbára náà lọ́wọ́ NERC ní ọdún 2024, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Mo ní ìrètí nínú rẹ̀, ju èyí tí mo ní lọ nígbà tí wọ́n ta àwọn ilé iṣẹ́ apínná fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Gómìnà tí iná kò sí ní ìlú rẹ̀ kò ní lè na ìka sí Abuja mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé òpó. Ní ọdún 2024 nìkan, iye ìgbà tí ẹ̀rọ apínná gbogbo orílẹ̀-èdè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ débi pé a kò kà á sí ìròyìn mọ́, àdúgbò tó ń dá owó ra tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ sì pọ̀ níbí. Ẹni tó ń jó epo lítà 3 lóòjọ́ nílò ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ kí owó rẹ̀ padà. N kò rò pé ìyípadà náà yóò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹni tí ìṣirò tirẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kí ó rọra.

Ṣé kí n já ara mi kúrò lára wáyà NEPA pátápátá?

N kò gbà yín níyànjú. Láti wà láìní NEPA rárá, ẹ gbọ́dọ̀ ra bátìrì tó lè gbé ilé fún ọjọ́ mẹ́ta tí òjò fi ṣú tí kò sì dá, ìyẹn ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bátìrì tí ẹ nílò ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ mìíràn nínú ọdún. Owó tó wọ́n jù nínú sólà ni owó ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Wáyà NEPA, bó ti wù kí ó burú tó, ni ó rọrùn jù láti fi dí i.

Ẹ sọ fún onísólà kí ó ṣètò ínfátà kí ó kọ́kọ́ máa jẹ iná oòrùn, kí ó jẹ bátìrì ṣìkejì, kí ó sì fi NEPA ṣe ìkẹyìn. Àwọn míì máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, oníbàárà á sì máa ra káàdì lọ bíi ti tẹ́lẹ̀ láìmọ ìdí. Mítà mi ṣì wà lára ògiri. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, n kì í ra káàdì sí i rárá. Ní oṣù keje tó kọjá, nígbà tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ₦3,000 ni mo rà, ó sì gbé wa dé ọjọ́ tí oòrùn yọ.